Ọwọ́ Tó Bá Ìràwọ̀ Rìn

Nígbà náà, Àsàmọ̀ ṣì wà láyé, ìyá àgbà tó kọ́ Bíllíkísù ní òwú rírán. Sùlèímánì bàbá Bíllíkísù náà wà, àgbẹ̀ oníṣu tí gbogbo Kábà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í di méjì. Ó ku ọdún mẹ́ta kí a gba òmìnira.

Ọjọ́ ọjà ni Ádámù onífọ́tò wá ya Àsàmọ̀. "Okun, ìyá," ó kí i. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára Bíllíkísù tó ń ran òwú.

"Ṣé èmi lo wá yà ni, àbí ọmọ mi?" Àsàmọ̀ bi í.

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Òwú yẹn kò nípọn níbì kan ju ibì kan lọ."

Ojú Bíllíkísù ni àwọn ọkùnrin máa ń yìn. Kò sẹ́ni tó yin òwú rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn dé ìsàlẹ̀ ọkàn.

Ádámù wá sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nísàlẹ̀ ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ohun kan wà bí èéfín. Ó kà nínú ìwé pé inú irú èéfín bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ tuntun ti ń jáde. Ó fẹ́ yà á, àmọ́ ìràwọ̀ ń rìn. Bí kámẹ́rà kò bá bá a rìn, fọ́tò á fà gbọọrọ bí itọ́ ìgbín. Ó ti fi irin àgbékọ́ ilẹ̀kùn so pákó méjì pọ̀, ó gbé kámẹ́rà lé e, bóòtù gígùn kan tí a ń fọwọ́ yí ló ń rọra tì í sókè. Ọwọ́ tirẹ̀ kì í lọ déédéé. Ó ti ba gíláàsì mẹ́rin tí wọ́n ń ya fọ́tò sí jẹ́.

"Wá bá mi yí i," ó ní.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọ àárín àwọn méjèèjì. Sùlèímánì gbọ́, ó kọ̀ jálẹ̀. "Ọkùnrin tí kò ní ebè kan, tó ń na kámẹ́rà sójú ọ̀run. Bí mo bá tún bá yín pọ̀, Odò-Ẹrẹ̀ ni wàá lọ, lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ibẹ̀ ni wàá ti lọ́kọ."

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ojú ọ̀run mọ́. Bíllíkísù mọ ohun tí òun lè pàdánù, síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun alẹ́ ó lọ sẹ́yìnkùlé Ádámù. Ó di bóòtù mú, ó ń yí i bí ẹni ń ran òwú, ó ń kà lábẹ́nu. Ó ti kà dé irinwó nígbà tí Sùlèímánì yọ sí wọn tòun ti ọ̀pá.

"Bíllíkísù."

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ jókòó. Ó ku ọgọ́rùn-ún. Bí mo bá dáwọ́ dúró, ó bàjẹ́ nìyẹn."

Ádámù ti dọ̀bálẹ̀. Sùlèímánì wo ọmọ rẹ̀: omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Bàbá fi ọ̀pá sílẹ̀, ó jókòó lórí àpótí, ó dúró títí iye náà fi pé. Ó wá wòkè.

"N kò rí nǹkan kan."

"Ẹ óò rí i lọ́la, Bàbá," Ádámù dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé fọ́tò wá. Èéfín náà funfun, ó rọ̀ bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Sùlèímánì gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Èyí ló wà lókè orí mi látọjọ́ yìí?" Ó yíjú sí Ádámù. "Ẹni tó lè dúró ti ohun tí kò tíì rí, á dúró ti obìnrin. Kó àwọn èèyàn rẹ wá. Ṣùgbọ́n wàá kọ ebè o."

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn ìkórè. Ádámù kọ ebè, kò mọ̀ ọ́n kọ. Bíllíkísù fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi gbé pọ̀. Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, wọ́n ń pa ẹ̀pà lábẹ́ igi máńgòrò. "Adùn mi, jẹ́ n gbórí lé ọ lẹ́sẹ̀ díẹ̀," Ádámù ní. Bíllíkísù ń rọra pa ẹ̀pà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ariwo èèpo má baà jí i. Ó ti pa igbá kan kún kó tó mọ̀ pé ọkọ òun kò mí mọ́.