Ráǹpù Tí Bàbá Kà Sí Jìbìtì

Bíríkìlà kan gbé búlọ́ọ̀kù léjìká, ó ń kọjá níwájú ilé ìkàwé, ni ohun tó rí bá mú un dúró gbagidi. Ọmọge kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó fi okùn so àga onítáyà rẹ̀, ó ń wọ́ ọ bọ̀. Búlọ́ọ̀kù bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ó fọ́ yángá.

"Háà! Àǹtí, ẹ dúró, ẹ jẹ́ n gbé yín!"

"Gbé ta? Ṣé o ò rí bí o ṣe gbé tọwọ́ ẹ yẹn ni?"

Ọmọge náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ bùṣe. Òun ló ń tọ́jú ìwé níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bíríkìlà tí kò ṣíwé wò láti ìgbà tó ti kúrò níléèwé di ẹni tó ń kàwé lọ́sàn-án gbogbo.

"Adúmáradán mi," ló wí lọ́jọ́ kan, "màá ṣe ráǹpù sílé yín, kí táyà rẹ lè máa gbà á gòkè."

"O mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá? Àwọn Faransé ló ni ín. Kéèyàn máa rápálá gòkè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Kìnnìún tó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde, wọ́n á ní ó ń ráǹpù. Èmi tí o rí lórí àtẹ̀gùn ọjọ́sí, ráǹpù ni mò ń ṣe."

Ẹnu ya ọkùnrin náà. "A jẹ́ pé kìnnìún ni mò ń fẹ́."

Bàbá ọmọge náà ló wá kù. Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì ni, ojú rẹ̀ le koko. Láràárọ̀ ló ń pọn ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn méje ilé wọn. Ẹ̀rù rẹ̀ ba bíríkìlà, ló bá kọ̀wé sí i: "Sà, mo fẹ́ràn ọmọ yín. Mo fẹ́ ṣe ráǹpù fún un kí n tó gbé e níyàwó."

Bàbá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ àtijọ́. Àwọn Òyìnbó a máa fi ọ̀rọ̀ náà pe màgòmágó pẹ̀lú, ìtumọ̀ tó jọ ti kóòtù yìí nìkan lojú rẹ̀ sì lọ bá: jìbìtì!

"Yéè! Mo ti rí olè láyé mi, n ò rí èyí tó kọ̀wé ṣáájú rí!"

Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà. "O fẹ́ lu ọmọ mi ní jìbìtì kí o tó fẹ́ ẹ?"

"Jìbìtì kẹ̀, sà? Sìmẹ́ǹtì ni!"

"Bàbá mi," ni ọmọ wí, "ẹ ka òkè ibẹ̀. Ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí táyà lè gbà, ló ń wí."

Bàbá kà á. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé dé. "Jìbìtì náà ṣì ni. Bó bá ṣe é tán, ta ni màá máa pọ̀n?"

Ọmọbìnrin náà yí àga rẹ̀ kọjú sí i. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti rò pé ẹrù lòun jẹ́. "Mo rò pé ó ti rẹ̀ yín."

"Ó rẹ̀ mí. Ṣé mo ní kí o sọ̀ ni?"

Bíríkìlà dìde. "N ò ní ṣe é, sà, àyàfi tí ẹ bá ní kí n ṣe é." Ó lọ, kò sì padà wá. Ọmọbìnrin náà kò jẹun dáadáa mọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, orúnkún bàbá yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀ ló kù kí tọmọ-tòun ṣubú. Lọ́jọ́ náà gan-an ló tiro dé ibi tí bíríkìlà ti ń ṣiṣẹ́. "Wá ṣe jìbìtì ẹ."

Àárọ̀ ọjọ́ tí ráǹpù gbẹ, bàbá tún bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ń retí ọwọ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ó gbọ́ ìró táyà tó gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá. Ọmọ rẹ̀ ti dé ìsàlẹ̀! Kí ó tó nàró, ọmọ ti yí padà, ó ń fi apá rẹ̀ yí táyà bọ̀ lókè, ó sì wá dì mọ́ ọn lọ́rùn. Bàbá sunkún láìfi pamọ́.

Ó kọjú sí bíríkìlà. "Àtẹ̀gùn mélòó ló wà nílé tìẹ?"

"Mẹ́rin, sà."

"Ṣe ráǹpù síbẹ̀ kí o tó gbé e lọ. Èmi náà á máa gbà á wá kí yín, orúnkún mi ò gbàtẹ̀gùn mọ́."

Ọmọbìnrin ló fọhùn: "Bàbá mi, ṣé ẹ ti fi mí fún un nìyẹn?"

"Ó ṣáà kọ̀wé béèrè, àbí kò kọ?"