Àgbéyẹ̀wò Ajíkàwé

"Ta ló sọ fún ẹ pé dókítà ló pa onílé?"

Olórí kíláàsì ló béèrè bẹ́ẹ̀, ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ òǹkọ̀wé tó kọ ọ́ ti kóra jọ sẹ́yìn yàrá ìkàwé ilé ìwé wọn, ojú gbogbo wọn sì wà lára ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ajíkàwé.

Kí ìwé náà tó jáde rárá ni Ajíkàwé ti gbé àgbéyẹ̀wò rẹ̀ sórí ayélujára. Ó ní òun ti kà á tán, pé dókítà ni apànìyàn, àti pé òpin rẹ̀ kò dùn tó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ń pè é ní ọ̀gá, orí rẹ̀ sì wú.

Àṣé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Olórí kíláàsì ka ojú ewé tó kẹ́yìn sí wọn létí: ìyá ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí gan-an ló pa onílé. Ẹnu ya gbogbo wọn. Ẹnì kan ní òun ò rí irú òpin bẹ́ẹ̀ rí. Ni wọ́n bá kọjú sí Ajíkàwé, wọ́n ní irọ́ funfun báláú ló pa. Ojú ara rẹ̀ ló fi kà á, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tó ti kà á.

Àǹtí rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń tọ́ ọ, ló ń di ìwé nílé ìtẹ̀wé tí wọ́n ti tẹ ìwé náà. Bébà tó bá ti bàjẹ́ níbẹ̀, Àǹtí a máa mú un wálé kí Ajíkàwé lè fi bo àwọn ìwé iléèwé rẹ̀. Lọ́jọ́ tó mú bébà ìwé ìtàn náà wá, ó kìlọ̀ fún un pé kó má sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ajíkàwé kà á, ẹnu sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

Nígbà tó délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àǹtí jókòó sétí ibùsùn, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́.

"Wọ́n ní kí n máa lọ sílé ná," ni Àǹtí wí.

Ó ṣàlàyé pé òǹkọ̀wé náà ti yí òpin ìwé padà nígbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn sun gbogbo èyí tí wọ́n ti tẹ̀. Òun rò pé díẹ̀ tóun mú wálé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Àmọ́ ẹnì kan ti gbé òpin àkọ́kọ́ síta, òǹkọ̀wé sì ti rí i.

"Mo ní lóòótọ́ ni mo mú bébà wálé, ṣùgbọ́n ọmọ mi nìkan ló rí i, ọmọ mi ò sì lè ṣe irú ẹ̀. Mo fi ẹ́ búra níwájú ọ̀gá." Ó wo ojú rẹ̀. "Wọ́n ní Ajíkàwé lẹni náà ń jẹ́. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Àǹtí ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé ìwé. Tó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ lè tán síbẹ̀.

"Èmi ni, Àǹtí."

Àǹtí wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ sílé ìtẹ̀wé. Ajíkàwé fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ó sì tọrọ àforíjì. Ọ̀gá dúpẹ́ pé wọ́n sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ Àǹtí ti bọ́.

Ojú ọ̀nà ni Àǹtí ti bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ mọ apànìyàn."

"Èmi ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ẹ," ni Àǹtí fèsì. "Mo mọ ti àkọ́kọ́, mo mọ èyí tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

Ajíkàwé bú sẹ́kún. Ó wá yé e pé èèyàn lè mọ nǹkan kó má sọ ọ́, àti pé ìyìn tóun fi àṣírí rà, Àǹtí ló san owó rẹ̀.