Káàdì Adépéjú Lọ́rùn Oyíndà

"Dúró dáadáa," ni Àǹtí Harriet wí, ó sì gbé káàdì Adépéjú kọ́ Oyíndà lọ́rùn. "Bí wọ́n bá pe Adépéjú, ìwọ ni kó o dáhùn. Ṣé o gbọ́?"

Oyíndà gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ kò dùn mọ́ ọn rárá. Àǹtí Harriet, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta. Àwọn alábẹ̀wò ìjọba ti kìlọ̀ fún un pé bí kò bá ní olùtọ́jú tó kọ́ṣẹ́, tó sì gba ìwé ẹ̀rí, àwọn yóò ti ilé náà pa. Adépéjú nìkan ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, òun náà sì ti ríṣẹ́ mìíràn sí Èkó, ó ti lọ. Fọ́tò orí káàdì rẹ̀ ti ṣá débi pé kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó ni ojú náà.

"Àǹtí, bí wọ́n bá bi mí ní nǹkan ńkọ́?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ bi ọ́? Ṣé kéèyàn tọ́jú arúgbó náà ló máa gba ilé ìwé? Ọmọ Ẹ̀gbá tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni ẹ́. Àbí o ò fẹ́ wọ yunifásítì l'Alábàtà mọ́ ni?"

Oyíndà ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ilé Àǹtí ló ń gbé, oúnjẹ Àǹtí ló ń jẹ, Àǹtí ló sì ṣèlérí láti rán an lọ sí yunifásítì. Bó bá kọ̀, Wásinmi ló ń padà sí, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń dáko. Bó bá gbà, irọ́ ló gbé kọ́rùn yẹn. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Ó gbà.

Ìyáàfin Hephzibah, ọ̀gá àwọn alábẹ̀wò, dé. "Ìwọ ni Adépéjú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Oyíndà kúnlẹ̀ kí i dáadáa, inú obìnrin náà sì dùn. Ó bá Àǹtí Harriet wọ ọ́fíìsì lọ wo àwọn ìwé tó kù.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni Bàbá Herbert pe Oyíndà. Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀, bó bá sì fọhùn, á ṣe ọ́ bíi pé kó o sáré lọ tò sórí ìlà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti ba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jẹ́, kò lè gbé oúnjẹ líle mì dáadáa mọ́. Adépéjú kìlọ̀ kó tó lọ pé oúnjẹ ṣíṣàn nìkan ni kí wọ́n máa fún un.

"Ọmọ yìí, òórùn láfún ń ta sí mi nímú láti ilé ìdáná yín. Lọ bù díẹ̀ wá."

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀kọ mímu ni kí ẹ máa mu."

"Ta ni 'wọ́n'? Ìwọ ọmọ àná yìí lo fẹ́ máa sọ ohun tí màá jẹ fún mi? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lẹ́kọ̀ọ́!"

Ó dun Oyíndà wọra. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé ọmọ gidi kì í já àgbà lóhùn. Bí olùtọ́jú ṣe ń sọ pé rárá fún àgbà tí kò fi ní di ìwọ̀sí, ẹ̀kọ́ gidi ni, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé láfún fún Bàbá.

Òkèlè kejì ló pá Bàbá lórí. Ojú rẹ̀ yọ síta, kò lè húkọ́, kò lè ké. Oyíndà figbe ta. Ìyáàfin Hephzibah sáré jáde.

"Adépéjú, ìwọ lo kọ́ṣẹ́, kí lò ń wò? Ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ!"

Oyíndà dúró bí òpó. Bó bá ní òun kọ́ ni Adépéjú, ilé Àǹtí tú nìyẹn. Bó bá dákẹ́, Bàbá ń kú lọ lójú rẹ̀. Ìyáàfin náà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ Bàbá síwájú, ó ń lu ẹ̀yìn rẹ̀ títí òkèlè fi já bọ́.

Ní ọsibítù, dókítà ní láfún ti wọ ẹ̀dọ̀fóró Bàbá. Àǹtí Harriet fa Oyíndà sí kọ̀rọ̀ kan.

"Sọ pé Bàbá fúnra rẹ̀ ló bu láfún jẹ. Kò lè sọ̀rọ̀ báyìí, ta ló máa já ọ nírọ́? Oyíndà, bó o bá sọ òmíràn, o pa mí nìyẹn."

Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Máyọ̀wá, ọmọbìnrin Bàbá Herbert, dé pẹ̀lú ẹkún. "Kí ló ṣe bàbá mi?"

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Oyíndà kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí Harriet. "Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́." Ó bọ́ káàdì náà lọ́rùn, ó yíjú sí Máyọ̀wá. "Èmi kọ́ ni Adépéjú, mà. Mi ò kọ́ṣẹ́ kankan. Èmi ni mo fún Bàbá ní láfún."

Máyọ̀wá kò lù ú. Ì bá sàn kó lù ú. Ohun tó sọ ni pé, "Torí ẹ ní ẹ lẹ́ni tó kọ́ṣẹ́ ni mo ṣe fi bàbá mi sílẹ̀ tì yín."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Ìyáàfin Hephzibah, ìjọba ti ilé náà pa, àwọn arúgbó yòókù sì tẹ̀ lé ọmọ wọn lọ sílé. Àǹtí Harriet ní kí Oyíndà kó ẹrù rẹ̀, títí di òní kò gbé ìpè rẹ̀. Oyíndà wà ní Wásinmi, ó ń bá ìyá rẹ̀ roko, ọ̀rọ̀ Alábàtà sì ti di àlá. Bàbá Herbert kò kú, ṣùgbọ́n rọ́bà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ nímú ló fi ń jẹun báyìí. Kò tún lè mọ adùn láfún mọ́ láyé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀kọ́ ilé dára, ṣùgbọ́n kò lè dípò ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí kì í ṣe bébà tí a fi ń tan ìjọba. Ẹ̀mí èèyàn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àgbà bá ní kí ẹ jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tiyín, ẹ kúnlẹ̀ o, kí ẹ sì kọ̀. Oyíndà pẹ́ kó tó kọ̀, Bàbá Herbert ló jìyà rẹ̀.