Kantíkantí Ìyá Eléso

Orí omidan kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú agbọ̀n ìdọ̀tí ẹ̀yìn ìsọ̀ èso tán nígbà tí ọmọ Ìyá Eléso kọ́kọ́ rí i. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sẹ́nu, ó sì ń fà á tọkàntọkàn lórí ọsàn tó ti jẹrà. Oòrùn òwúrọ̀ ń tàn sí i lára, gbogbo kantíkantí ẹ̀yìnkùlé ìsọ̀ náà sì ń fò yí i ká.

Àánú ṣe ọmọkùnrin náà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ló rò lọ́kàn. Ó sáré mú ọsàn tó pọ́n dáadáa wá.

"Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ gba èyí, ọ̀fẹ́ ni."

Omidan náà yọ rọ́bà lẹ́nu. Ó wo ọsàn, ó wo ọmọkùnrin, ó bá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rò pé mò ń jẹ ẹ́ ni? Kantíkantí ni mò ń mú, rọ́bà yìí ni mo fi ń fà wọ́n sínú ìgò."

"Láàyè?"

"Òkú wọn ò wúlò fún mi. Mò ń sìn wọ́n ni."

Ó gba ọsàn náà ṣáá, ó sì jẹ ẹ́ níbẹ̀ lórí ìdúró. Kó tó jẹ ẹ́ tán, ọkàn ọmọkùnrin náà ti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní òdìkejì títì ni omidan náà ti ń ṣe ìwádìí. Láti ọjọ́ náà, ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọsàn jíjẹrà lọ fún un nínú ọ̀rá. Àwọn ẹlòmíràn ń fi òdòdó wá ìyàwó, èmi ò sì tíì rí ẹni tó fi ìdọ̀tí wá a rí. Ṣùgbọ́n ojú omidan máa ń tàn bó bá ti rí ọ̀rá náà, ó sì ń pe ọmọkùnrin ní Ọ̀gá Ọlọ́sàn.

Lọ́jọ́ kan, ó mú un wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan tutù, ọ̀kan gbóná, ìgò kantíkantí sì kún inú méjèèjì. Ó ní kó fojú sí awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá.

"Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀," ló ṣàlàyé. "Wo àwọn ti inú òtútù bí wọ́n ṣe dúdú tí wọ́n sì tóbi. Àwọn ti inú ooru kéré, wọn ò sì dúdú lára."

"Òtútù ló kùn wọ́n ní dúdú?"

"Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ìyá kì í rí bákan náà tán. Àwọn kan nínú wọn ti gbé agbára láti fara da òtútù wá nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn yẹn ló ń pẹ́ láyé, àwọn ló ń bímọ jù, títí irú wọn fi gba ilé. Ibi téèyàn ń gbé ló ń ṣà á."

"Kọ́bọ́ọ̀dù wo lo máa wá fi èmi sí?"

"Èyí tó bá sún mọ́ mi jù."

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ṣe dé ibi tí wọ́n ń sọ ti ìgbéyàwó. Ibẹ̀ ni Ìyá Eléso ti gbọ́ iṣẹ́ tí omidan ń ṣe.

Opó ni màmá yìí. Ìsọ̀ èso yẹn ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì ní ọ̀tá tó ju kantíkantí lọ. Àràárọ̀ ló ń fọ́n oògùn kòkòrò, síbẹ̀ àwọn oníbàárà ti ń yínmú.

"Nínú gbogbo iṣẹ́ ayé yìí!" ló pariwo. "Kí n máa pa wọ́n, kí ìyàwó ọmọ mi máa bọ́ wọn? Kò ṣeé gbọ́ sétí!"

Ọmọkùnrin náà kó ọ̀rọ̀ lọ bá olólùfẹ́ rẹ̀. "Àyànfẹ́ mi, mi ò lè fẹ́ ọ lẹ́yìn ìyá mi. Mi ò sì lè fẹ́ ẹlòmíì."

"Èmi náà ò lè fi iṣẹ́ mi sílẹ̀." Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Jẹ́ kí n wá kí wọn. Bí wọ́n bá lé mi, á jẹ́ pé wọ́n lé mi."

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ó wọ aṣọ tí kò dé ibi ìgò rí, ó sì wá. Ìyá Eléso dá a lóhùn ìkíni bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Kò tíì jókòó tán tí kantíkantí kan fi fò kọjá. Màmá gbé oògùn, ó fọ́n ọn títí ara kòkòrò náà fi rin. Kòkòrò gbọn ìyẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ rí i? Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ń fọ́n. Wọ́n ti wá fi ń wẹ̀ báyìí! Ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi."

Ọmọkùnrin ṣẹ́jú sí omidan pé kó dákẹ́. Ó gbìyànjú o, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé oògùn kan náà lẹ ń lò látọjọ́ yìí?"

"Òun náà ni."

"Oògùn ò yí padà, mà. Kantíkantí yín ló yí padà. Ẹ pa àwọn tí kò lágbára, ẹ ṣẹ́ àwọn olórí kunkun kù, àwọn olórí kunkun wá ń fẹ́ra wọn. Mà, ẹ̀yin náà ń sin kantíkantí. Ẹ ti ń sìn wọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe."

Ọmọkùnrin wo ilẹ̀ bí ẹni pé kó lanu gbé òun mì.

"Èmi?" ni Ìyá Eléso wí. "Èmi ni mò ń sin kantíkantí?" Ẹ̀rín ti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ bọ̀ wá, ó gbé e débi tó fi di tábìlì mú. Nígbà tó nu ojú tán, ó béèrè pé, "Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká gba ilé lọ́wọ́ wọn, mà. Ibi tí wọ́n ń yé sí ni ká palẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, omidan ká apá aṣọ, òun àti màmá bọ́ sínú gọ́tà ẹ̀yìn ìsọ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n da àwọ̀n bo èso. Ó ń wá bẹ́ẹ̀ títí kantíkantí fi di ohun tí à ń wá tì. Síbẹ̀, Ìyá Eléso ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ọkàn àwọn olólùfẹ́ méjèèjì ò balẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń ṣa ọsàn nínú ìsọ̀. Kantíkantí kan bà sórí tábìlì níwájú màmá. Ó gbọ́wọ́ sókè. Kò lù ú. Ife ló mú, ó rọra dé e mọ́lẹ̀.

"Ìyàwó mi," ló pè, "wá gbé ẹbí rẹ kúrò níbí."

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin. Omidan yọ rọ́bà nínú báàgì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀, ó pẹ́ kó tó rí kòkòrò náà fà.

"Akọ ni àbí abo?" ni Ìyá Eléso béèrè.

"Abo ni, mà."

"Ó dáa. Lọ wá ọkọ fún un. Tìrẹ ti wà níbí."