Pélé Ojú Wàsílátù

Ìjà ló gbé Zulaykha wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgbògbò. Ó to fọ́tò pásípọ́ọ̀tì mẹ́rin síwájú mi, ó sì káwọ́ pọ̀ sí àyà.

"Ẹ jọ̀ọ́, bùrọ̀dá, ta lẹ yà síbí?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Èmi kọ́. Dúdú ni mí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rí i, wọ́n ń béèrè pé ta ni àǹtí pupa yìí. Ẹ bá mi dá ojú mi padà."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló máa ń bẹ̀ mí pé kí n fi kọ̀ǹpútà bá àwọn fọ ojú. Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá jà fún àwọ̀ ara rẹ̀. Mo dá ojú rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kí ó tó fẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, ọkàn mi ti bá a lọ.

Láàárín oṣù mẹ́fà, "bùrọ̀dá" ti di "olólùfẹ́ mi". Nígbà tó yá, ó mú mi lọ sílé wọn ní Ẹ̀pẹ́.

Mùsùlùmí pọ́ńbélé ni wọ́n, àwọn tí baba ńlá wọn sá kúrò ní Èkó nígbà ogun ayé àtijọ́. Èmi Mọ́ṣúdù, ọmọ Ìwó ni mí, yàrá kan ni mo háyà ní Ìgbògbò. Qamardeen, ẹ̀gbọ́n Zulaykha, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n fún àbúrò rẹ̀.

"Onífọ́tò? Fọ́tò ni wàá máa jẹ ni? Ùsámà tó ti ń tẹ̀ lé ẹ láti kékeré, kí ló ṣe é?"

Baba wọn, Alhaji Sàlísù, wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, èémí wọn ò délẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn pé. Wọ́n yọ fọ́tò kan lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ìyàwó mi rèé, lọ́jọ́ yìgì wa. Zulaykha ò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tó kú. Lọ́dún tó kọjá, omi ọ̀sà wọlé, ó bà á jẹ́. Kò sí òmíràn. Mo ti ń lọ, Mọ́ṣúdù. Jẹ́ kí n rí ojú Wàsílátù kí n tó lọ. Tí o bá ṣe é, èmi fúnra mi ni màá fa Zulaykha lé ẹ lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ̀rọ̀ sí i."

Qamardeen wo ilẹ̀. Zulaykha wò mí, ojú rẹ̀ kún fún ìrètí.

Omi ti ṣe àbàwọ́n sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà méjèèjì, bébà sì ti sán níbi púpọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí a fi ń pa irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ rẹ́. Wàá kọ́kọ́ fi ibi tí ara ti dáa hàn án, lẹ́yìn náà wàá fi í ra ibi tó bàjẹ́, yóò sì fi ara tó dáa bò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo jókòó ti fọ́tò náà, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti sọ ara rẹ̀ di tuntun. Mo rí i pé búrọ́ọ̀ṣì náà ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú mi sì dùn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé bí a bá parí, kí a gbé iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àtijọ́ kí a wò wọ́n pọ̀. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ni mo ń rí lọ́ọ̀ọ́kán, mi ò rí iṣẹ́ mọ́.

Mo fi férémù sí i, mo wé e, mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Bàbá wò ó títí.

"Ọmọ dáadáa," wọ́n ní, "Zulaykha lo gbé wá fún mi yìí. Wàsílátù ni mo ní kí o gbé wá."

Zulaykha sún mọ́ wa. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mọ́ṣúdù, pélé màmá mi dà?"

Pélé mẹ́ta mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà. Búrọ́ọ̀ṣì ti kà wọ́n mọ́ àbàwọ́n, ó gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Ìtìjú bò mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

"Ilà tí wọ́n fi mọ ìdílé ìyá wa ló pa rẹ́," Qamardeen ní. "Ṣé ẹni yìí lẹ fẹ́ fún lọ́mọ?"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Jẹ́ kó lọ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí o yára, ọmọ mi."

Mo yára, Ọlọ́run mọ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo yọ ètò náà kúrò, mo tún un gbé wọlé. Mo dín ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kù títí ó fi tó orí abẹ́rẹ́. Pàbó ló já sí. Bí mo bá ti fọwọ́ kan àbàwọ́n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pélé, pélé á bá a lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Zulaykha jókòó tì mí lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀.

"Jẹ́ kí n fọwọ́ ya pélé náà sí i," mo ní. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Bàbá máa mọ̀." Ó di ọwọ́ mi mú. "Olólùfẹ́ mi, má kọ màmá mi nílà. Wọ́n ti kọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Zulaykha lọ wo Bàbá ní Ẹ̀pẹ́. Èmi ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò búrọ́ọ̀ṣì náà, mo ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀ pátápátá, mo rí ohun kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ètò tó sọ ara rẹ̀ di tuntun ti bá mi máàkì: pé kí búrọ́ọ̀ṣì máa fúnra rẹ̀ dá awọ tuntun, dípò kó mú èyí tí mo bá fi hàn án. Mo yọ máàkì náà. Kò gbà ju kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo tún fi búrọ́ọ̀ṣì kan àbàwọ́n. Àbàwọ́n lọ, pélé dúró. Mo sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun àílà, mo ti parí. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo wò wọ́n dáadáa. Mo fi férémù sí i, mo wọ mọ́tò. Mo pe Zulaykha nígbà tí a dé Ìtòìkín, kò gbé e. Mo ní bóyá ó ń fún Bàbá lóúnjẹ.

Nígbà tí mo dé ilé wọn, wọ́n ti to bùtà àlùwàlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọkùnrin tó jókòó síta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìtẹ́ òkú dé ni.

Zulaykha gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, ó tú u. "Àwọn nìyí," ó ní. "Màmá mi nìyí." Ó gbé e dúró, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì tí kò séèyàn lórí rẹ̀ mọ́.

Qamardeen ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ojú tí Bàbá rí kẹ́yìn kì í ṣe ojú ìyá wa. Ní báyìí, èmi ló kù tó lè fa Zulaykha fọ́kọ. Mi ò ní fà á fún ẹ."

Mo bẹ Zulaykha pé ká wá aáfà kan ní Ìkòròdú tó máa so wá pọ̀.

"Láìsí ará ilé mi kankan níbẹ̀?" Omijé ń dà lójú rẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Mọ́ṣúdù. Ṣùgbọ́n mi ò lè fa ara mi fọ́kọ."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Yìgì òun àti Ùsámà ti ku ọ̀sẹ̀ kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, bùrọ̀dá," ó ní, "ẹ bá mi pa àwọn fọ́tò mi rẹ́. Ìyàwó ẹlòmíràn ni mo fẹ́ dà."

Mo pa wọ́n rẹ́ lójú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pa ti pásípọ́ọ̀tì. Mo pa èyí tó ti dúró létí ọ̀sà. Mo pa èyí tó ti ń jẹ ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, tó ń fọwọ́ bo ẹnu kí n má bàa yà á.

"Ṣé ó ku ìkankan?"

"Kò ku ìkankan." Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ.

"Ọlọ́run á fún yín ní ẹni tó dáa." Ó dúró kí n ṣe àmín. Mi ò lè ṣe é. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìgbà tó lọ, mo ní kí n kúkú palẹ̀ iṣẹ́ ìyá rẹ̀ mọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni mo ti rí àkọ́ṣe mi, èyí tí búrọ́ọ̀ṣì bà jẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń wò mí, aṣọ funfun yìgì bò ó lórí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, kò sí ilà kankan níbẹ̀. Ojú Zulaykha gan-an ni.

Bàbá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, pé Zulaykha ni mo gbé wá. Èmi ni mi ò wò ó dáadáa.