Ìdérí Irin fún Ẹsẹ̀ Ayaba

Abẹ́ ẹṣin ló ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin alágbẹ̀dẹ náà. Ó gbé pátákò ẹṣin ńlá kan sáàárín orúnkún méjèèjì, ó fi ètè há ìṣó bí aránṣọ tó há abẹ́rẹ́, òógùn ń dán níwájú orí rẹ̀, òòlù rẹ̀ kò sì tàsé. Ọkùnrin tó ń fi ẹṣin kó bíríkì gbàgbé ohun tó bá wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Imú ni ọmọbìnrin náà fi dáhùn.

"Ṣé ẹ kì í sọ̀rọ̀ ni?"

Ó tọ́ka sí ìṣó ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí ti sọ ọ́ ní Adákẹ́rọrin.

Bàbá Adákẹ́rọrin, àgbà alágbẹ̀dẹ tó kọ́ ọ níṣẹ́, ló yẹ Ayaba wò. Ayaba ni abo ẹṣin tí ọkùnrin náà fà wá. Irin ti gún un látẹ́lẹsẹ̀, ojú egbò ti ń ṣọyún.

"Ẹṣin ń tiro, o ṣì ń di ẹrù lé e?"

Ọkùnrin náà dorí kodò. "Mo rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀ ni, bàbá."

Bàtà irin nìkan kò tó. Ó gba ìdérí irin pẹlẹbẹ lábẹ́ bàtà náà, kí oògùn lè dúró sójú egbò, kí ẹrẹ̀ má kàn án. Adákẹ́rọrin ló rọ ọ́. Ọmọ a-rọ-irin-bí-ẹni-mọ-amọ̀, tí iná mọ̀ tí kì í jó! Nígbà tó parí, ó gbé e fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀.

Bàbá yí i síhìn-ín, yí i sọ́hùn-ún. Ọmọ rẹ̀ ti lu ìdérí mọ́ bàtà pinpin.

"Ta ni yóò ṣí i láti fọ egbò?"

Adákẹ́rọrin fi èékánná tọ etí ìdérí náà yí ká.

"Ilẹ̀kùn tí kò ṣeé ṣí, ògiri ni. O ò ṣe irú àṣìṣe yìí rí."

"Mi ò fẹ́ kó já bọ́ lọ́nà ni, bàbá."

"Àbí ti ẹni tó ni ẹṣin lò ń rò?"

Adákẹ́rọrin tú u, ó lu ihò sí i, ó sì fi bóòtù tó ṣeé yí tú dè é. Láràárọ̀ ni ọkùnrin náà ń mú sípánà wá tú u, tó ń fọ egbò, tó ń pààrọ̀ òwú àti oògùn.

"Ẹ rọra, ẹsẹ̀ ayaba ni," ni Adákẹ́rọrin ń wí fún un.

"Ẹsẹ̀ tèmi náà ń ro mí."

"Ẹ gbé e wá, kí n kan bàtà irin mọ́ ọn."

Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá láti tọrọ ọmọ rẹ̀.

"Ẹni tí kò gbọ́ ìrora ẹranko tó ń bọ́ ọ, ṣé yóò gbọ́ ti ọmọ mi? Jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn san ná. Bí kò bá san, má sọ ọ́ mọ́."

Ọkùnrin náà dá Ayaba dúró níṣẹ́, orí ara rẹ̀ ló fi ń ru bíríkì. Ní òwúrọ̀ kan tí òjò ti sọ àgbàlá di ẹrẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ Ayaba kó tó tú bóòtù. Bàbá rí i láti ìdí ẹwìrì. Ó wúkọ́, ó sì ń fẹ́ iná rẹ̀ lọ.

Adẹ́dàá kì í sùn. Ojú egbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń le díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá fi èkù òòlù gbá àtẹ́lẹsẹ̀ náà. Ayaba kò mira.

"Ó ti san," ni bàbá wí. Ó wo ọkùnrin náà. "Etí tìrẹ náà ti san."

Ó wọlé lọ, ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Adákẹ́rọrin ti há ìṣó sẹ́nu láti kan bàtà tuntun mọ́ Ayaba lẹ́sẹ̀. Yàtọ̀ sí bàbá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ìṣó rẹ̀.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?" ni ọkùnrin náà bi í. "O lè fi imú dáhùn."

Ó yọ àwọn ìṣó náà lẹ́nu, ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà, ó sì pa á dé.

"Bá mi di ìwọ̀nyí mú."

"Títí dìgbà wo?"

"Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń rọ irin."