Ọwọ́ Aláró Kọ́ La Fi Ń Dán Ìpara Wò

Lọ́jọ́ ọjà Japara, n'Íjẹ̀bú-Igbó, kò sí ohun tí èèyàn kò ní í rí rà. Ẹ ó rí obì, ẹ ó rí ẹja gbígbẹ láti etí omi, ẹ ó sì rí irọ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi ìyẹn tọrẹ. Ọdún tí tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí gbogbo ọmọge Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fẹ́ máa dán bí ẹni inú àwòrán.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Ìbíkẹ́ aláró, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àkànjí, mú àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ lọ sí ọjà náà. Ọmọ́títí ni orúkọ àbúrò yìí. Wọ́n máa so yìgì òun àti Mùbàṣírù lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Gbogbo nǹkan ti pé àfi ẹyọ kan: irorẹ́ ti fi àpá dúdú mẹ́ta-mẹ́rin sílẹ̀ sí ìyàwó lẹ́rẹ̀kẹ́, kò sì jẹ́ kó gbádùn mọ́.

"Àǹtí mi, ṣé báyìí ni màmá Mùbàṣírù ṣe máa rí mi láàárín èrò?"

"Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni wọ́n fẹ́ gbé níyàwó ni?" Ìbíkẹ́ dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dun òun náà. Òun ló tọ́ Ọmọ́títí dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ohun tó bá ṣe ọmọ náà lójú, òun gan-an ló ṣe.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ti gbọ́ agogo.

"Ìpara Arẹwà dé o! Ọjọ́ mẹ́ta péré! Àpá dúdú á wábi gbà! Irorẹ́ á kó ẹrù ẹ̀! Ìlú òyìnbó ló ti wọkọ̀ ojú omi, ó gúnlẹ̀ sí èbúté Ìwopìn, ó sì tọ̀ yín wá!"

Fàsásì ni orúkọ ọkùnrin tó ń pariwo yìí. Ẹnikẹ́ni kò mọ ilé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ ìsọ̀ rẹ̀. Orí ló ń ru àpótí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju oyin lọ.

Ìbíkẹ́ kò gọ̀ o. Ẹ má ṣe sọ pé ó gọ̀, ń ó bá yín jà. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń rẹ aṣọ láró, kò sì fi aṣọ oníbàárà bọ inú ìkòkò rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi àkísà dán an wò. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde náà nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ kí n dán an wò ná."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọgbọ́n wà lọ́wọ́ yín!" Fàsásì ṣí ìgò kan. "Ẹ mú ẹ̀yìn ọwọ́ wá."

Ìbíkẹ́ na ọwọ́ sí i. Aró ti mu ọwọ́ náà dé ọrùn ọwọ́, ó dúdú mìnìjọ̀. Fàsásì fi ìpara ra á, wọ́n sì dúró. Kò ta á. Kò yún un. Wọ́n tún dúró títí obìnrin kan fi ra ẹja tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, síbẹ̀ kò sí nǹkan kan.

"Kò mà ṣe mí ní nǹkan o," ni Ìbíkẹ́ wí.

Àwọn obìnrin tó dúró yí wọn ká mirí. "Bí Ìyá Àkànjí bá ti lè fọwọ́ sí i, ó dáa nìyẹn." Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn! Ìgò kan ni Ìbíkẹ́ rà, Fàsásì sì fi ènì díẹ̀ sí orí ewé fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkùnrin náà ti ta àpótí rẹ̀ dé ìdajì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọmọ́títí di ẹrù rẹ̀, ó gba Àgọ́-Ìwòyè lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wọn, Àdíját, tó máa bá a dirí ìyàwó. Ìgò ìpara wà nínú ẹrù rẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ ni n ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, tí mo bá dirí tán," ló wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Hannah wá gba aṣọ tó fún Ìbíkẹ́ rẹ. Nọ́ọ̀sì ni Hannah nílé ìgbẹ̀bí, ọmọ ìjọ Aládùúrà sì ni, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ jù ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan kọjá. Ó rí ewé tí ìpara wà lórí rẹ̀.

"Ìyá Àkànjí, kí lèyí?"

Ìbíkẹ́ fi ayọ̀ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. "Mo sì kọ́kọ́ dán an wò o, Nọ́ọ̀sì! Ẹ mọ̀ mí, mi ò kì í dijú ra nǹkan."

"Kí lẹ fi dán an wò?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ọwọ́ wo?"

Ìbíkẹ́ na ọwọ́ méjèèjì. Hannah wò wọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ọwọ́ tó ti ń wọ omi eérú tẹ́ ẹ fi ń po aró láti ọdún mọ́kànlá! Ata gan-an kò lè ta ọwọ́ yìí mọ́. Ṣé irú awọ yìí ló wà lójú Ọmọ́títí?"

Ìbíkẹ́ rọra jókòó sórí àpótí ìjókòó. Ó yí ọwọ́ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ta ló ṣe ìpara náà?" Hannah tún bi í.

"Ó ní láti ìlú òyìnbó ni."

"Ìlú òyìnbó kì í ṣe orúkọ èèyàn. Bébà ara ìgò rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti ha á kúrò."

"Ṣé ẹnu ìgò dì pa nígbà tí ó fẹ́ ṣí i?"

"Rárá o. Ìka ló fi ṣí ọmọrí rẹ̀ wẹ́rẹ́."

Hannah mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ n bi yín. Bí eérú bá pọ̀ jù nínú aró, kí ló ń ṣe aṣọ?"

"Á kọ́kọ́ mú aró dáadáa, inú oníbàárà á dùn. Tó bá ṣe díẹ̀, aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í já."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ìpara abójú wọ̀nyí ń ṣe awọ. Wọ́n á kọ́kọ́ mú kí ojú mọ́, inú èèyàn á dùn. Lẹ́yìn náà ni awọ á bó, oòrùn á sì máa jó ohun tó kù. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ dà á nù."

"Ọmọ́títí kò ní í gbà tí n kò bá rí nǹkan fi hàn án." Ìbíkẹ́ dìde. "Níbo ló yẹ kí n ti dán an wò?"

Nígbà tí Hannah rí i pé kò ní í gbọ́, ó fi ibẹ̀ hàn án: kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, níbi tí aró kò dé. Bí orí ìṣáná báyìí ló ní kó fi sí i, kó sì fi omi púpọ̀ ṣàn án kíá bó bá ta á.

Kò tíì tó wákàtí kan tó ti ń ta á. Ìbíkẹ́ fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́rú, ibẹ̀ ti pọ́n fòò, ó wú, omi kéékèèké sì ti lé sí i. Ojú àbúrò rẹ̀ ló ń rí nínú ọgbẹ́ náà, kò sì dúró jẹun tó fi sáré lọ sí ibùdókọ̀.

Bọ́lẹ̀kájà kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà ń na ara lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìyá, ọkọ̀ kò tíì kún."

"N ó jókòó bí èèyàn mẹ́ta! Ṣáà máa lọ, n ó sanwó wọn!"

Gbogbo ojú ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè ló fi ń bẹ Ọlọ́run. "Yá Allah, Ọjọ́bọ̀ ló ní o, má ṣe jẹ́ kí ojú kán an."

Ojú ti kán an. Àdíját ti tètè dirí tán. Ọmọ́títí ti wẹ̀, ó jókòó síwájú dígí, ìka rẹ̀ méjì ti wọnú ìgò, ó sì ti ń gbé wọn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ọmọ́títí, má fi kàn án!"

Ìbíkẹ́ ló kígbe lẹ́nu ọ̀nà, igbe náà ga débi pé ìgò bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó. Ìbíkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ lọ sídìí ìkòkò omi, ó sì ń fọ ìka náà bí ẹni ń fọ abọ́.

"Èé ti rí?" Àdíját sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé.

Ìbíkẹ́ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Nígbà tí wọ́n rí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ìdí ọ̀rọ̀ ti yé wọn.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ní kò ṣe yín ní nǹkan," ni Ọmọ́títí wí, omijé sì dà lójú rẹ̀.

"Èmi ni. Mo ṣì í. Ọwọ́ tí kò mọ ìrora mọ́ ni mo fi dán an wò. Forí jì mí, àbúrò mi." Ó gbá ojú náà mú láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ojú náà mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìbíkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún. "Alhamdulillah! Mo bá a!"

Ṣé ẹ rò pé ó fi mọ síbẹ̀? Ẹ kò mọ Ìyá Àkànjí. Bó ṣe padà dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé dé ilé ló kiri lọ́jọ́ náà, tó ń gba ìgò lọ́wọ́ àwọn tó tìtorí tirẹ̀ rà á. Nígbà tí ọjà tún pé lọ́jọ́ Ẹtì, tí agogo tún dún, òun ló kọ́kọ́ débẹ̀.

"Fàsásì, mo fẹ́ ra ìgò mẹ́fà."

"Ẹ̀gbọ́n mi! Mo mọ̀ pé ẹ ó padà wá!"

"Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ tìrẹ fún mi rí."

Fàsásì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ìpara obìnrin ni."

"Ṣé awọ ọkùnrin kì í ṣe awọ ni?"

"Àwọn tó ní àpá ló wà fún."

"Àpá wà níwájú orí rẹ, mò ń wò ó!"

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan kígbe pé, "Fi pa á!" Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kí á tó ṣẹ́jú, gbogbo Japara ti ń pàtẹ́wọ́: "Fi pa á! Fi pa á!" Ìbíkẹ́ ká apá aṣọ, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè kí tọmọdé-tàgbà rí i. Fàsásì gbé àpótí, ó fẹ́ sá, àfi gbàgà! Ó kọlu wolé-wolé tí Hannah ti lọ pè wá. Níwájú gbogbo èrò ló ti jẹ́wọ́ pé inú yàrá òun lòun ti ń po ìpara náà, nínú ògbólógbòó ìgò. Wolé-wolé gba àpótí, ó sì mú un lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ọmọ́títí jókòó níwájú àwọn ààfáà, ó ń dán. Àdín àgbọn tí wọ́n ti fi ọjọ́ mẹ́ta dán wò ló fi para, àti àtíkè fẹ́ẹ́rẹ́ láti inú agolo tí wọ́n ṣí lójú rẹ̀. Àwọn àpá náà ṣì wà níbẹ̀. Màmá Mùbàṣírù fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà.

"Irú èyí wà lójú tèmi lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ. Wọ́n lọ fúnra wọn. Ìyàwó mi, o kú ẹwà o!"

Ọmọ́títí gbójú sókè, kò sì tún gbé e sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi so yìgì tán.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ra ohun ìṣaralóge níbi tí ẹ ó ti tún rí ẹni tó tà á bó bá di ọ̀la. Ẹ wo ara ìgò: ta ló ṣe é, níbo ló ti ṣe é, kí ló wà nínú rẹ̀? Bí wọ́n bá ti ha bébà rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti ṣí i rí, ẹ dá a padà. Èyí tó pé gan-an, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ tàbí ẹ̀yìn etí, kẹ́ ẹ fún un ní ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ má dán ohun tuntun méjì wò pa pọ̀, ẹ kò ní í mọ èyí tó ṣe yín. Ẹ má yá ara yín ní igi tìróò. Ẹ má sì dúró di ọ̀sẹ̀ ìyàwó kí ẹ tó máa wá ìpara tuntun. Bí ara bá ta yín, omi púpọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà sí i, kẹ́ ẹ sì lọ bá nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ṣèlérí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ bi í bóyá òun náà lè fi pa ara òun.

Aṣọ tó bá bàjẹ́, a lè ra òmíràn lọ́jà. Ojú kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa.